Ojú Ọ̀gá Lára Ògiri

Ọ̀gá ilé-ìwé kan wà tó jẹ́ pé bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí èèyàn "ẹ káàárọ̀", ọ̀sán á ti pọ́n kó tó kí i tán. Ẹ má rò pé mo ń bù mọ́ ọn. Bí àwọn ọmọ bá tò láàárọ̀, ọkùnrin yìí á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, á fọwọ́ tún táì ṣe, á ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ò ju gbólóhùn kan lọ. Àmọ́ ká tó débẹ̀…" Á ròyìn bó ṣe gba ipò kìíní nígbà tó wà ní kíláàsì kejì. Á ròyìn bí olùkọ́ rẹ̀ ṣe sunkún lọ́jọ́ tó kúrò níbẹ̀ (àwa ò mọ̀ bóyá ẹkún ayọ̀ ni). Á dárúkọ gbogbo ẹni tó ti yìn ín rí, lẹ́sẹẹsẹ. Agogo á lù, ọmọ méjì á ti dákú, wọn ò ní tíì débẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Kátódébẹ̀. Orúkọ náà ti dé gbogbo kíláàsì, ó ti dé ilé àwọn òbí, ó ti dé ilé òun fúnra rẹ̀ pàápàá. Òun nìkan ni kò tíì gbọ́ ọ.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ohun kan ṣoṣo ni Kátódébẹ̀ ń wá: àga Olùdarí Ètò Ẹ̀kọ́ ní olú ilé-iṣẹ́. Ẹni tó wà níbẹ̀ ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀gá ilé-ìwé mẹ́ta ló kù tí wọ́n fẹ́ mú ọ̀kan nínú wọn, ìgbìmọ̀ kan sì máa yí ilé-ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká láti fojú ara wọn rí ẹni tí wọ́n máa mú. Kátódébẹ̀ ti lo ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́, ó ku mẹ́ta kó fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ọba. Bí èyí bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bọ́ pátápátá nìyẹn.

Nílé, ó ti ń kọ́ bí Olùdarí ṣe ń jókòó. Á fẹ̀yìn ti àga ìjẹun, á na ẹsẹ̀ kan síwájú, á máa mi orí sí àwọn èèyàn tí kò sí níbẹ̀.

"Bàbá wọn," ìyàwó rẹ̀ wí, "ẹ dìde, káwọn ọmọ ríbi jẹun."

"Ojú tó máa báni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin. Àtìsinsìnyí lèèyàn ti ń múra."

"Ẹ ti múra tán. Àga ló kù."

Ilé-ìwé yìí ní àṣà kan. Lọ́dọọdún, àwọn ọmọ tó fẹ́ jáde máa ń jọ ya àwòrán ńlá kan fún ọ̀kan nínú àwọn ògiri ilé-ìwé, àwọn fúnra wọn ló sì ń yan ohun tí wọ́n máa yà. Olùkọ́ àwòrán wọn, obìnrin kan tí ọ̀dà kì í kúrò ní èékánná rẹ̀, tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Ọlọ́dà, á kọ́kọ́ yà á ní kékeré sórí ìwé. Á fi rúlà fa ilà sí i níbùú lóròó, á gé e wẹ́wẹ́, iye ọmọ ni iye ègé, wọ́n á sì ṣẹ́ kèké. Ègé tó bá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ, ìpín rẹ̀ nìyẹn. Á lọ yà á gàdàgbà sórí pátákó kan tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, á kọ nọ́ńbà sẹ́yìn rẹ̀, káfíńtà á sì kàn án mọ́ ògiri lẹ́yìn aṣọ tapólì tí wọ́n ta bò ó. Ẹnì kan kì í tọwọ́ bọ ìpín ẹlòmíì. Ọmọ kan kì í sì í rí odindi rẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá ká tapólì. Ọjọ́ yẹn lọmọ tó ya ewé lásán á tó mọ igi tóun wà lórí rẹ̀. Àwọn bàbá tó ti jáde níbẹ̀ lógún ọdún sẹ́yìn ṣì máa ń mú ìyàwó wá, wọ́n á nàka: "Èyí tó wà lábẹ́ fèrèsé yẹn, èmi ni mo yà á o."

Lọ́dún yìí, ògiri tó dojú kọ géètì ló kàn, ọgọ́rin sì làwọn ọmọ. Wọ́n ti fẹnu kò pé àwọn máa ya bí gbogbo ilé-ìwé ṣe ń sáré láàárọ̀ kí géètì tó pa: bàtà ẹsẹ̀ kan lọ́wọ́, búrẹ́dì lẹ́nu, olùkọ́ ìṣirò fúnra rẹ̀ ń fò kọjá gọ́tà. Inú wọn dùn sí i débi pé wọ́n ti ń jà sí ẹni tó máa ya gọ́tà náà. Àfi bí Kátódébẹ̀ ṣe pe ìpàdé àwọn olùkọ́.

"Ẹ sọ fún mi," ó ní, "bí Alága ìgbìmọ̀ bá gba géètì wọlé, ojú ta ló yẹ kó kọ́kọ́ rí?"

"Ojú yín, sà," igbákejì rẹ̀ dáhùn. Igbákejì yìí, bí ọ̀gá bá sín, á ní "bẹ́ẹ̀ ni sà".

"Sà, àwọn ọmọ ti yan tiwọn," Ìyá Ọlọ́dà wí.

"Ìsáré! Ìsáré ni wọ́n yàn! Wọ́n fẹ́ kí àlejò mọ̀ pé à ń pẹ́ dé! Rárá o. Ojú mi ni wọ́n máa yà, láti igun ògiri kan dé ìkejì. Kì í ṣe nítorí tèmi o. Ojú adarí ni dígí tí ọjọ́ iwájú fi ń wo ara rẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún un sọ," igbákejì bẹ̀ ẹ́, ó ń wá bírò. "Ó ti fẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Ó dun àwọn ọmọ wọnú eegun. Wọ́n kùn, wọ́n sunkún, wọ́n ṣẹ́ kèké náà. Ìyá Ọlọ́dà ti ya ojú ọ̀gá rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì tó ká sáyà, ó sì yà á dáadáa, nítorí obìnrin náà ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe iṣẹ́ tí kò dáa.

Ká ní Kátódébẹ̀ fi mọ bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá ti palẹ̀ ìtàn mi mọ́. Ojú ọ̀gá ilé-ìwé lára ògiri, kí ló burú ńbẹ̀? A ti rí èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ àṣejù ni baba àṣetẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ó rò ó pé ọgọ́rin ọmọ ló mú ojú òun lọ sílé, tí òun ò sì tọ́ wọn sọ́nà. Ó ní kí wọ́n máa wá sí ọ́fíìsì òun lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìpín wọn.

Ìyá Ọlọ́dà bá a lẹ́nu ọ̀nà. "Sà, bí ìpín kan bá tóbi ju ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ lọ, wọn ò ní bára mu."

"Ìyá, ta ló lojú?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Obìnrin náà ní, "Ẹ wá bá mi kọ ohun tẹ́ ẹ bá ní kí oníkálukú yà sílẹ̀, sà, kí ẹ buwọ́ lù ú. Kí n má bàa ṣì yín gbọ́."

Èyí dùn mọ́ Kátódébẹ̀ nínú. Kò sóhun tó fẹ́ràn láyé bí ìbuwọ́lù ara rẹ̀. Ó ká lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní ìrù, ó sì máa ń fi àmì tó-tò-tó sí abẹ́ rẹ̀.

Ọmọ tó mú etí ló kọ́kọ́ wọlé.

"Etí!" Kátódébẹ̀ fẹ̀yìn tì. "Ṣé o mọ ohun tí etí jẹ́ fún adarí? Bí mo ṣe jókòó yìí, mò ń gbọ́ ẹkún aláìní ní ìlú mẹ́rin. Kí etí náà kún pátákó rẹ dẹ́múdẹ́mú."

Ó kọ ọ́ sórí ìwé pélébé: *Etí. Kí ó kún pátákó.* Ó buwọ́ lù ú. Igbákejì lù ú lóǹtẹ̀, gbà!

Ọmọ méjì ló pín imú láàárín ara wọn. Ti àárọ̀, ọ̀gá ní kí ihò imú náà fẹ̀, torí ibẹ̀ lagbára ń gbà wọlé. Ti ọ̀sán, ó ti gbàgbé èyí tó sọ láàárọ̀, ó ní kí imú náà rí tẹ́ẹ́rẹ́, torí imú ńlá ò yẹ Olùdarí. Wọ́n lu méjèèjì lóǹtẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ló pín ẹnu. Ó pàṣẹ fún ìkọ̀ọ̀kan wọn pé kí eyín méjèèjìlélọ́gbọ̀n hàn, kí ẹnì kankan má sọ pé òun ò rẹ́rìn-ín.

Ọmọ tó mú àtàrí ní tirẹ̀ ń fẹsẹ̀ ha ilẹ̀. "Sà, ọ̀gangan ibí yìí… kò sírun níbẹ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó sọ ọ́, sà."

"Igbákejì! Ṣé kò sírun lórí mi ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Ẹ̀n-ẹ́n, bẹ́ẹ̀ kọ́, sà! Ó pọ̀ níbẹ̀, sà. Ó ń dí mi lójú."

*Irun. Kí ó ṣú bí igbó.* Gbà!

Lẹ́yìn náà ni ọmọ kan wọlé tó jẹ́ pé sánmà ẹ̀yìn orí ló bọ́ sí i lọ́wọ́, òfo lásán.

"Kí lòfo ń wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi? Ya ọwọ́ mi síbẹ̀, kó máa nà sí ọjọ́ ọ̀la."

"Sà, ọwọ́ yín méjèèjì ti wà lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíì."

"Ṣé mo bi ọ́ léèrè iye ọwọ́ tí mo ní?"

Ọmọ mẹ́fà mìíràn ló tún mú sánmà. Ọwọ́ ni wọ́n bá bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ ti rí ibi tọ́rọ̀ ń lọ. Gbogbo ilé-ìwé ló rí i. Káfíńtà tó kan àwọn pátákó náà mọ́ ògiri rí i pẹ̀lú, àmọ́ nígbà tí wọ́n bi í, ó ní, "Nọ́ńbà lèmi ń tẹ̀lé. Ojú kì í ṣe iṣẹ́ mi." Ẹnì kan ṣoṣo tí kò rí i ni ẹni tó lojú.

Ọjọ́ pé. Àwọn òbí kún àgbàlá fọ́fọ́. Àwọn ìgbìmọ̀ jókòó níwájú, Alága wọn láàárín, ìyá àgbà kan tó fi ogójì ọdún kọ́ni ní ìṣirò, tí wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò rí eyín rẹ̀ rí. Kátódébẹ̀ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Màmá Alága, ẹ̀yin ọlọ́lá, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ. Ohun tó wà lẹ́yìn tapólì yìí, èmi ò béèrè fún un. Ìfẹ́ ló ṣe é. Ọgọ́rin ọmọ ló wá bá mi, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní bí àwọn ò bá ya ojú mi, àwọn ò ní jáde ilé-ìwé. Ẹ̀kọ́ dà bí ọkọ̀ ojú omi, adarí ni atukọ̀, adarí náà ni àjẹ̀, bí ẹ bá wò ó dáadáa, òun náà ni omi. Àmọ́ ká tó débẹ̀…"

Wákàtí kan kọjá. Oòrùn kúrò lára ògiri, ó bọ́ sórí àwọn òbí.

"Ọ̀gá," Alága wí jẹ́ẹ́, "ẹ jẹ́ ká débẹ̀."

Ẹ̀rín sọ lẹ́yìn, níbi táwọn ọmọ tò sí. Kátódébẹ̀ rò pé ìdùnnú ni. Ó kọjú sí àwọn èèyàn, ó kẹ̀yìn sí ògiri, ó na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà, ó sì fa okùn. Tapólì wó lulẹ̀.

Igbákejì, tí òun náà kọjú sí àwọn èèyàn, ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. "Òun gan-an nìyẹn! Kò sí ìyàtọ̀! Bí wọ́n ṣe rí lójoojúmọ́ nìyẹn!"

Ọmọ ọwọ́ kan wo ògiri, ó figbe ta.

Ká má purọ́, ohun tó wà níbẹ̀ ju ẹkún ọmọ ọwọ́ lọ. Etí kan tó ìlẹ̀kùn, èkejì tóbi jù ú lọ. Ihò imú ọ̀tún lè gba ewúrẹ́, imú òsì rí bí abẹ́rẹ́. Irun ti bo iwájú orí, ó ń bọ̀ wá jẹ ìpéǹpéjú. Ẹnu mẹ́rin ló jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gbogbo wọn ń ṣẹ́yín sí Alága. Láti ẹ̀yìn orí rẹ̀ ni ọwọ́ ti ń yọ lọ́tùn-ún lósì, ìkọ̀ọ̀kan nàka síbi tó wù ú. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá kan tó wà lẹ́bàá géètì, nígbà tó fi máa dé iwájú, àwọn kan ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń di inú mú.

Kátódébẹ̀ yíjú padà.

"Ọ̀tẹ̀ ni!" ó kígbe. "Wọ́n dìtẹ̀ mọ́ mi! Ìyá Ọlọ́dà, iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ rẹ lónìí! Nínú ọgọ́rin ọmọ yìí, ẹyọ kan ò ní gba ìwé ẹ̀rí!"

Ẹ̀rín dá wáí. Àwọn òbí dìde. Ìyá Ọlọ́dà bọ́ síwájú. Ó gbé páálí kékeré kan, ó gbé e sí iwájú Alága.

"Mà, ohun tí wọ́n ní káwọn ọmọ yà ló wà níbẹ̀."

Alága wọ awò ojú rẹ̀, ó mú ìwé pélébé àkọ́kọ́. "*Etí. Kí ó kún pátákó.* Ta ló ya etí?" Ọmọ kan dìde. "O yà á bí wọ́n ṣe wí. Jókòó. *Irun. Kí ó ṣú bí igbó.* Òun náà rè é. *Ẹnu. Kí eyín méjèèjìlélọ́gbọ̀n hàn.* Mẹ́rin lèyí." Ó gbójú sókè wo ògiri, ètè rẹ̀ ń mì. "Méjìlélọ́gbọ̀n lọ́nà mẹ́rin. Eyín méjìdínláàádóje. Wọ́n pé. *Sánmà. Kí ó di ọwọ́.* Ọ̀gá, ṣé ìbuwọ́lù yín nìyí?"

"Tèmi ni, mà, àmọ́ ká tó débẹ̀…"

"A ti débẹ̀. Òǹtẹ̀ ta nìyí?"

Igbákejì dìde fìrì. Ó wo ọ̀gá rẹ̀, ó wo Alága, ó ṣírò ọ̀rọ̀ náà kíákíá. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ó ní. Láti ọjọ́ yẹn, kò pe Kátódébẹ̀ ní sà mọ́.

Alága ka àwọn ìwé náà tán, ó tún wọn kà. Bárakú olùkọ́ ìṣirò nìyẹn. "Mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni mo rí. Ọgọ́rin sì ni pátákó. Ta ni kò níwèé?"

Ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè lẹ́yìn. Kì í pariwo rárá, Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é.

"Kí lo yà?"

"Ojú wọn ọ̀tún, mà."

Ìgbà yẹn ni gbogbo èèyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ojú òsì tóbi, ó ń tàn bí iná mọ́tò, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nínú ìwé gẹ́lẹ́. Àmọ́ ojú ọ̀tún ò tóbi. Ojú èèyàn ni. Ó rẹ̀ ẹ́, ó pọ́n díẹ̀ légbèé, ó ń wò bí ẹni tó ń retí pé kí wọ́n pe orúkọ òun, tí kò dá a lójú pé wọ́n máa pè é.

"Kí ni ọ̀gá ní kó o yà?"

"Èmi ni mo kẹ́yìn, mà. Lẹ́tà tẹ́ ẹ fi sọ fún wọn pé ẹ̀ ń bọ̀ ló wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń kà á, wọ́n tún ń kà á. Wọn ò kọ nǹkan kan fún mi. Wọ́n ní, 'Ojú lo mú? Ya ohun tó o bá rí, jàre, kó o máa lọ.'"

Alága bọ́ awò ojú rẹ̀. "Nínú gbogbo ohun tí mo rí níbí lónìí," ó ní, "èyí nìkan ni mo gbà gbọ́."

Kátódébẹ̀ ṣì mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn dání. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e kalẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Àga Olùdarí bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé kejì, obìnrin kan tó jẹ́ pé nígbà tí ìgbìmọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní kí wọ́n dúró kí òun kọ́ni tán. Ìwé ẹ̀rí àwọn ọmọ pé, Ìyá Ọlọ́dà wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n gbé Kátódébẹ̀ lọ sí ilé ìkẹ́rùsí, níbi tí wọ́n ń kó àga ilé-ìwé tó bá kán sí. Àga tó lé ní igba ló wà lábẹ́ rẹ̀ báyìí, kò sí èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ pé.

Alága bi àwọn ọmọ bóyá kí wọ́n tú àwòrán náà palẹ̀. Wọ́n ní rárá, àwọn máa ya ìsáré àárọ̀ wọn sórí rẹ̀. Pátákó mọ́kàndínlọ́gọ́rin ni wọ́n kùn ní funfun tí wọ́n tún yà. Jẹ́jẹ́ ní òun ò kun tòun. Nítorí náà, láàárín bàtà, búrẹ́dì àti gọ́tà, ojú ọkùnrin kan ṣì wà lókè, ó ń wo àwọn tó ń pẹ́ dé.

Ọjọ́ tí Kátódébẹ̀ wá kó ẹrù rẹ̀, ọ̀sán ni, àwọn ọmọ wà ní kíláàsì. Jẹ́jẹ́ nìkan ló wà nídìí ògiri, ó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì nínú ike. Ọkùnrin náà gbé páálí rẹ̀ kalẹ̀. Ó wo ojú náà títí.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó ní, "ṣé ẹ̀rù ló wà nínú ojú yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó ti kọjá. Wọ́n ti mú ẹlòmíì, kò sóhun tí mo tún ń bẹ̀rù mọ́. Bá mi yọ ọ́ kúrò ńbẹ̀."

Jẹ́jẹ́ gbọn omi búrọ́ọ̀ṣì dànù, ó ṣí ọ̀dà. "Ẹ dúró kí n wò yín, sà."

Kátódébẹ̀ dúró. Ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó wò ọ́ọ́kán. Ọmọ náà wò ó dáadáa, kò yára rárá. Lẹ́yìn náà, ó rọra dé ọ̀dà rẹ̀ padà.

"Ó ṣì wà ńbẹ̀, sà."